Búrẹ́dì Tí Kì í Ṣe Títà

Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Màdáámù ti fèsì. Yóò wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù tó ń bọ̀, yóò jókòó sórí àga wa, yóò sì gbá Abìyẹ́, géèmù wa tó ń jẹ́ orúkọ akọni inú rẹ̀, títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ọ̀gá gun orí àga láti ka iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ náà sí wa létí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí gbá fáànù. Adákẹ́, tó ń kọ kóòdù wa, tó jẹ́ pé "ẹ kúuṣẹ́" àti "ó dàárọ̀" nìkan là ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, rẹ́rìn-ín tí eyín rẹ̀ hàn. Ayàwòrán jó láàárín àwọn wáyà, ó fẹsẹ̀ fa ọ̀kan yọ, gbogbo kọ̀ǹpútà kú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ náà tí Ọ̀gá kọ́kọ́ fò, èmi ni mo ní kó kà á. Màdáámù ní akọni tó ń fò, tó ń jà, tó ń wó ògiri, òun ti rí irú wọn tó pọ̀. Ohun tó wu òun nínú tiwa ni àwọn oríta. Bí oríta wa bá dá òun dúró, òun á gba géèmù náà bó ṣe wà. Bí kò bá dá òun dúró, kí á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, kí á fi ìjà nìkan sílẹ̀, òun á sì tà á bí géèmù ìjà.

Ọ̀gá ní kò sí wàhálà, pé ọ̀nà méjèèjì ló wọlé. Ó wọlé fún òun. Gbogbo oríta yẹn, ibi tí ẹni tó ń gbá Abìyẹ́ ti gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú méjì, èmi ni mo kọ ọ́, ìjà kò sì nílò òǹkọ̀wé. Síbẹ̀, láti àárọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ò ti kanlẹ̀. Obìnrin tí kò mọ̀ mí rí sọ pé oríta ló wu òun.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Ooru yìí kò dáa. Fáànù ń ké bí ẹni tí wọ́n fipá mú ṣiṣẹ́.

Telọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá wa dán géèmù wò, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi Abìyẹ́ fò, ó yí i lófuurufú, ó mú un bà sórí òrùlé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó wá dé oríta ilé tó ń jó. Yálà kí Abìyẹ́ gba àwọn ará ilé náà là, tàbí kó lé Ìjì, ọ̀tá wa tó ń fi afẹ́fẹ́ wó ìlú, tó ń sá lọ lójú rẹ̀. Mo ti kọ oríta yẹn, mo ti pa á rẹ́, mo tún un kọ, ẹ̀mí mi wà nínú rẹ̀. Telọ ò kà á tán tó fi tẹ bọ́tìnnì pé kó gbà wọ́n là.

Mo ní, "Ẹ ò tiẹ̀ rò ó wò?"

"Kí ni mo fẹ́ rò? Ṣé kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ kí n tẹ̀ nìyẹn?"

Inú bí mi sí i títí mo fi délé, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ọkọ Ayàwòrán náà wá gbá a. Ìkà nìkan ló ń yàn. Ó jẹ́ kí ilé jó, ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì já sódò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun kàn fẹ́ wo bó ṣe máa rí ni. Ayàwòrán ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn jàre. Nílé, kò lè pa aáyán."

Ẹnì kan ń yan rere nítorí ó rò pé ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan ń yan ìkà nítorí kò ná an ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó dúró.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Ìyá mi dé. Dókítà ojú ti fún un ní awò tuntun, ó sì ní kó wà nítòsí kí òun lè tún ojú náà yẹ̀ wò, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni yóò wà títí di oṣù tó ń bọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tún gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù mi tò. Mi ò rí iyọ̀ mọ́. Mo béèrè, ó ní ibi tó yẹ kí iyọ̀ wà ló wà.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo mú ìyá mi lọ síbi iṣẹ́ kó má baà tún yàrá mi náà tò. Ọpẹ́ ni fún kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ayàwòrán fi páàdì tí a fi ń darí géèmù lé e lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ dì í mú bí ìkòkò gbígbóná. Nígbà tó mọ bọ́tìnnì ìrìn, a fi ti fífò hàn án, ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun rí i pé ìyẹ́ wà lára ọmọ náà, ṣùgbọ́n ta ló ń fò lórí àwọn àgbà kọjá láì kí wọn. Bó ṣe di pé akọni wa ń fẹsẹ̀ rìn ní ìgboro nìyẹn, tó ń dúró níwájú gbogbo ẹni tó bá pàdé. Àwọn èèyàn tí a kàn dà sí òpópónà kó má baà ṣófo, ìyá mi ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀" nìkan ni mo kọ sí wọn lẹ́nu. Ó ń dá wọn lóhùn láti ibi tó jókòó sí, ó sì ń bèèrè àlàáfíà wọn.

Ó wá dé oríta orí afárá. Ọkùnrin kan ti fẹ́ já bọ́ lápá ọ̀tún, bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn ń yọ́ lọ sí bèbè lápá òsì. Mo di apá àga mú. Kò tẹ nǹkan kan. Ó kọjú sí mi.

"Ọmọ ta ni eléyìí?"

"Èwo, Màámi?"

"Ọkùnrin tó fẹ́ já bọ́ yìí. Ọmọ ta ni? Ta ló ń retí ẹ̀ nílé?"

"Kò lẹ́nì kankan, Màámi. Géèmù ni."

"Ìwọ lo kọ ọ́, o ò wá mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?" Ó gbé páàdì sórí tábìlì. "Báwo wá ni n ṣe máa mọ̀ bóyá kó dùn mí tàbí kó má dùn mí?"

Adákẹ́ yí àga rẹ̀ padà pátápátá. Ó wo ìyá mi, ó wò mí. Ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kò lẹ́nì kankan."

Inú mi ń dùn, ojú sì ń tì mí. Láti ọjọ́ yìí wá, mo rò pé ọ̀rọ̀ ni mi ò kọ dáadáa, mo ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹbí ni mi ò fún wọn. Ọjọ́ Ajé ò tiẹ̀ tètè dé.

Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá ti gbà. Gbogbo ará ìlú inú géèmù wa ni yóò ní ilé, tí yóò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ìyá tàbí ọmọ. Bí Abìyẹ́ bá fi ẹnì kan sílẹ̀ kó kú, ilé kan yóò ti ilẹ̀kùn níbì kan nínú ìlú. Ará ilé rẹ̀ yóò jókòó síta, bí o bá sì lọ bá a, yóò sọ ẹni tó jẹ́ fún ọ. Adákẹ́ ní kì í ṣe pé a máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á kọ kóòdù tí yóò pín ẹbí fún gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ṣé ó máa parí kí Màdáámù tó dé?"

Adákẹ́ ní, "Ó máa parí." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Mò ń kọ, mò ń kọ, ìka ń dùn mí, inú mi ń dùn jù ú lọ. Ó dáa bó ṣe jẹ́ èdè wa ni géèmù yìí ń sọ. Mo kọ "àbúrò mi ni" lẹ́ẹ̀kan, ó bá ọkùnrin mu, ó bá obìnrin mu, mi ò ní láti kọ ọ́ lọ́nà méjì. Èyí tí mo kọ fún ẹ̀gbọ́n tó bá pàdánù àbúrò rẹ̀ rèé: "Àbúrò mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n." Mo kọ ọ́ tán, mo ní láti dìde lọ mu omi.

Búrẹ́dì tí à ń jẹ lọ́sàn-án ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Mo fi ìbínú yẹn kọ obìnrin oníbúrẹ́dì kan sínú ìlú wa. Tirẹ̀ tóbi, kì í fi kọ́bọ̀ kún un. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Abìyẹ́ yóò ti máa jẹun nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán.

Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

A ò rí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì. Ìyá mi ní kí ló ṣe òun. Nítorí kí ohùn má baà dún padà, inú wọ́dúróòbù mi la gbé e sí, láàárín àwọn aṣọ òtútù, Adákẹ́ sì na máìkì sí i láti ìta bí ẹni ń bọ́ ẹran. Ohun tí mo kọ ni, "Káàbọ̀, akọni. Búrẹ́dì gbígbóná ti dé." Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yọrí síta.

"Ta ló ń sọ báyìí?"

"Oníbúrẹ́dì ni, Màámi."

"Oníbúrẹ́dì tó bá ń sọ báyìí, mi ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó padà sáàárín aṣọ, ó sọ tirẹ̀: "Ṣé o ti jẹun?" Bó ṣe máa ń bi mí gan-an nìyẹn tí mo bá ti ilẹ̀kùn wọlé. Adákẹ́ na àtàǹpàkò sókè. Mo ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ, bóyá ìkejì á dáa jù ú lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan là ń bèèrè, ẹni tó bá ń bèèrè léraléra kò fẹ́ fún èèyàn lóúnjẹ. Adákẹ́ ní kò burú, òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú kóòdù: ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò máa bi èèyàn nígbàkigbà tó bá wọlé.

Lẹ́yìn náà, ìyá mi sọ ti àbúrò. Mo ní kó sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ ibi tí iyọ̀ wà.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́kọ́. Òrùlé jò sórí tábìlì Ayàwòrán. Báfù ìfọṣọ ló jókòó síbẹ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agboòrùn.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹta

N óò gbìyànjú láti kọ ọ́ létòlétò.

Kóòdù ẹbí ti parí. A pe Telọ padà sókè. Lónìí, ó fara balẹ̀. Ó gba ará ilé tó ń jó là, ó gba bọ́ọ̀sì là, ó sì fò padà kíá gba ọkùnrin tó fẹ́ já bọ́, ohun tí àwa fúnra wa kò mọ̀ pé ó ṣe é ṣe, kò fi ẹnì kankan sílẹ̀. Ó bá Ìjì lórí afárá, ó lù ú, ó lù ú, ó pa á. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní ebi á ti máa pa Abìyẹ́, ó sì fò lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì.

Ṣọ́ọ̀bù ti pa. Iná rẹ̀ ti kú. Oníbúrẹ́dì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Telọ tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀, ohùn ìyá mi sì jáde:

"Àbúrò mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n."

Telọ wò wá. "Ta ni mo pa ní ilé ìyá yìí?"

A ò mọ̀. Kò fi ẹnì kan sílẹ̀, gbogbo wa la rí i. Adákẹ́ ṣí kóòdù, ó ń kà á lọ, ó dúró, ó sì gbé ọwọ́ lérí. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a ò lágbára láti kọ́ ara ọ̀tọ̀ fún ọ̀tá, a kàn mú ara ẹnì kan nínú àwọn tó ń kọjá lọ ní òpópónà, Ayàwòrán sì wọ aṣọ dúdú fún un. Gbogbo wa ti gbàgbé. Kóòdù ò gbàgbé. Lójú tirẹ̀, ará ìlú ni Ìjì, nígbà tó sì ń pín ẹbí fún gbogbo ará ìlú, ó pín fún òun náà: oníbúrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Adákẹ́ ní, "Àṣìṣe mi ni. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ kíá."

"Má fọwọ́ kàn án." Mi ò mọ̀ pé ohùn mi lè ròkè tó bẹ́ẹ̀.

Telọ ò tiẹ̀ gbọ́ wa. Ó ṣì ń wo obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà sórí afárá. Mo fẹ́ rò ó wò."

Orí mi wú. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹtì, 28 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá ò gbà. Ó ní, "Ọ̀tá ni. Bí ọ̀tá bá ní ẹ̀gbọ́n, ta ló máa lè bá a jà?"

Mo ní, "Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, sà."

"Géèmù akọni là ń ṣe, kì í ṣe ìpàdé ẹbí."

A fà á láti àárọ̀. Mo sọ pé Màdáámù ní ìjà ti sú òun. Ó ní Màdáámù ò ní kí á máa pa á lẹ́kún. Ayàwòrán ń ti èmi lẹ́yìn, Adákẹ́ dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gbóná ni Telọ yọjú, ṣòkòtò oníbàárà lọ́wọ́ kan, abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní òun ò fẹ́ dí wa lọ́wọ́ o, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá a ti dá òun padà sórí afárá yẹn, nítorí láti àná ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ òun lọ́kàn. Ọ̀gá wò ó títí.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sáré padà gòkè, mi ò mọ ohun tí mo lọ ṣe nísàlẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Kò tó kí èèyàn mọ̀ lẹ́yìn tó ti pa á tán. Ìyẹn àbámọ̀ ni, kì í ṣe yíyàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó dé orí afárá. Nítorí náà, búrẹ́dì kan wà báyìí lórí pẹpẹ òkè ní ṣọ́ọ̀bù náà tí Abìyẹ́ kò lè rà. Bó bá tẹ̀ ẹ́, oníbúrẹ́dì á ní, "Ìyẹn kì í ṣe títà. Ti àbúrò mi ni." Ìyá mi tún wọ wọ́dúróòbù nítorí gbólóhùn yìí. Ó jáde, ó ní kí n fọ àwọn kóòtù yẹn.

Lórí afárá, nígbà tó bá rẹ Ìjì tó kúnlẹ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú máìkì, ohùn rẹ̀ hangogo: "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tọ́jú búrẹ́dì mi, àbí?" Lẹ́yìn náà, bọ́tìnnì méjì. Tẹ ọ̀kan, Ìjì kú, afẹ́fẹ́ dúró. Tẹ ìkejì, ó lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì ká òrùlé gbogbo àdúgbò etí odò, àwọn náà sì ní ẹbí. Mo ka méjèèjì, mi ò fẹ́ ọ̀kankan. Ó ti dáa nìyẹn.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹrin

Ìyá mi tún gbá a. Ó ti ń fò báyìí, ó ní òun ti kí gbogbo wọn tán. Ó rí búrẹ́dì orí pẹpẹ, ó mi orí. Ó dé orí afárá, ó ka bọ́tìnnì méjèèjì pẹ̀lú awò tuntun rẹ̀, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìkẹta dà?"

"Kò sí ìkẹta, Màámi. Oríta nìyẹn."

"Ẹ lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá."

"Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n ń bẹ ní ìgboro, ó ń fi búrẹ́dì pamọ́, ẹ wá fẹ́ pa àbúrò lórí afárá, ẹ ò ránṣẹ́ pè é?" Ó na páàdì sí mi. "Mi ò ṣe. Ẹ máa ṣe é lọ."

Òótọ́ ni ìyá mi ń sọ, ó sì ti pẹ́ jù. Mo bínú sí i lójú ọ̀nà ilé nítorí pé kò sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ajé, 7 Oṣù Kẹrin

Mo bẹ Ọ̀gá. Ó ní ilẹ̀kùn ti tì, láti òní lọ, ohun tuntun kankan ò gbọdọ̀ wọlé, àtúnṣe nìkan ló kù. Ó ní bí a bá fi kún un tí gbogbo rẹ̀ sì wó lójú Màdáámù ńkọ́? Mo mọ̀ pé òun ló jàre. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ Telọ, mi ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan fún mi kí n máa gán bọ́tìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn èyí tí mo gán lódì, ó gbà á padà.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹrin

Yéèpà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, géèmù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àárọ̀ òní ló bàjẹ́. Àtúnṣe kékeré kan tí Adákẹ́ ṣe ló sọ gbogbo ará ìlú di ẹ̀gbọ́n ara wọn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó kọjá lójú ẹnì kan láì dúró. Ó di pé gbogbo òpópónà dúró gbagidi, gbogbo ìlú ń kí ara wọn, bọ́ọ̀sì ò lè kọjá, ilé tó ń jó ń jó lọ ní tirẹ̀. Abìyẹ́ tún pàdánù ìyẹ́ apá kan, ó ń fò ní ẹ̀gbẹ́. Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ bọ́ bàtà, ó yí àga kọjú sí ògiri, ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ó yí i padà, ìlú sì ti ń rìn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹrin

Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí i.

Ẹtì, 11 Oṣù Kẹrin

Òjò dá láàárọ̀, oòrùn yọ. Màdáámù dé kí a tó gbá ilẹ̀ tán. Obìnrin kúkurú ni, kò fẹ́ omi, kò fẹ́ tíì. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún mi," ó sì gba páàdì.

Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi Abìyẹ́ fò bẹ́ẹ̀. Ó dé ilé tó ń jó, ó tẹ bọ́tìnnì lójú ẹsẹ̀. Àyà mi já. Ó dé orí afárá, ó yan bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Ó rí ìyá ọkùnrin tó já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó gbọ́ ohun tó sọ, ó dúró díẹ̀, ó fò lọ. Ọ̀gá wò mí bí wọ́n ṣe ń wo aláìsàn. Màdáámù wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jẹun, ó tẹ búrẹ́dì orí pẹpẹ. "Ìyẹn kì í ṣe títà. Ti àbúrò mi ni." Ó jáde.

Ó wá bá Ìjì. Ìjà náà dára, ìjà tó ṣe é tà ni, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé a ti yọ mí nìyẹn. Ó rẹ Ìjì, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tọ́jú búrẹ́dì mi, àbí?"

Bọ́tìnnì méjì yọ. Màdáámù gbé àtàǹpàkò. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé e sórí èyí àkọ́kọ́, ó gbé e sórí ìkejì, ó gbé e kúrò. Ó wá yí Abìyẹ́ padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sí Ìjì, ó sì fò kúrò lórí afárá.

Ọ̀gá fi ẹnu bi Adákẹ́ láìgbóhùn pé ṣé ó ti bàjẹ́ ni. Adákẹ́ mi orí. Èmi ti mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló ń lọ, ó ń lọ pè é wá, bẹ́ẹ̀ a ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ìkẹta tí ìyá mi béèrè ni, ilẹ̀kùn tí Ọ̀gá tì. Bó bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tí oníbúrẹ́dì lè sọ fún un ju ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ó bà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé. Ó tẹ bọ́tìnnì ọ̀rọ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

Màdáámù tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Oníbúrẹ́dì ò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn ń wo Abìyẹ́, búrẹ́dì yẹn wà lókè lẹ́yìn orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan là ń bèèrè.

Màdáámù gbé páàdì sórí tábìlì pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ẹ má pa ẹ̀rọ yìí, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mò ń padà bọ̀ lọ́la."

Ọ̀gá wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní ti àwọn oríta yẹn..."

"Ẹni tó bá yọ ọ́, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ máa jà."

Ó mú aago rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì yẹn?"

Mo ní, "Ìyá mi ni, mà."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò tíì jẹun."

A dúró títí ìró bàtà rẹ̀ fi parẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá wá gun orí àga, lọ́tẹ̀ yìí orí rẹ̀ kan fáànù lóòótọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí rẹ̀. Adákẹ́ sọ̀rọ̀, kò dákẹ́ mọ́. Telọ gòkè wá béèrè bóyá ilé ń wó. Mo sunkún, mo sì tún rẹ́rìn-ín, Ayàwòrán fi téèpù Telọ nu ojú mi kó tó rí i pé kì í ṣe áńkáṣíìfù. Abìyẹ́ ṣì dúró sí ṣọ́ọ̀bù náà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọ̀gá ti fi bébà lẹ bọ́tìnnì iná ẹ̀rọ, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní ẹni tó bá pa á, kó má padà wá.

Nígbà tí mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún ìyá mi bí Màdáámù ṣe rán mi. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó sì dìde.

"Aago mélòó ló ń bọ̀ lọ́la?"

Ó ti wọ kíṣìnì kí n tó dá a lóhùn, mo sì gbọ́ tó mú iyọ̀ jáde.